Písà Orí Èédú, àti Ìmọ̀ràn fún Àwọn Tí Tiwọn Ti Jóná

Písà orí èédú kì í wọ inú ààrò rárá. Orí àwọ̀n irin, lókè ẹyin iná, ni wọ́n ń tẹ́ fúláwà pípò sí ní ìhòòhò, láìsí agbada, láìsí tíréè. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ti jinná, wọn á yí i padà, wọn á wá fi ọbẹ̀ tòmátì àti ṣíìsì sí ojú tó ti jinná náà, wọn á sì dé e títí ṣíìsì yóò fi yọ́. Àwọn ará Naples ní Ítálì, tí gbogbo ayé ń jẹ písà wọn, kì í ṣe é báyìí. Ààrò bíríkì onígi ni tiwọn, tó ń gbóná tó 430 sí 485°C, tí písà fi ń jinná nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Lọ́dún 2017, àjọ UNESCO ka iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayanpísà Naples mọ́ ogún àṣà aráyé. Ti orí èédú kò rí oyè kankan gbà. Tọkọtaya George Germon àti Johanne Killeen ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nílé oúnjẹ Al Forno, tí wọ́n ṣí ní Providence, ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1980. Ó ti rìn dé ẹ̀yìnkùlé gbogbo ẹni tó ní èédú àti ìgboyà báyìí, àwọn tó ní ìgboyà láìní sùúrù sì ń kó ẹjọ́ wá.

Ìdí kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹjọ́ náà. Nínú ààrò, ooru ń ti ìsàlẹ̀ wá, òrùlé ààrò tó ti gbóná náà sì tún ń rọ ooru lé ṣíìsì lórí. Lórí èédú, ìsàlẹ̀ nìkan ni ooru ti ń wá. Ẹni tó bá to gbogbo èròjà sórí fúláwà tútù, tó gbé e lé èédú, tó wá ń retí pé kí òkè àti ìsàlẹ̀ jinná pọ̀, yóò jẹ èédú nísàlẹ̀, yóò jẹ ṣíìsì tútù lókè. Torí èyí ni wọ́n ṣe ń yí i padà, torí èyí náà ni ìdérí ṣe di dandan. Ìyókù, ìwà ọmọ èèyàn ló ń fà á.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Àkúrẹ́ ṣàròyé pé fúláwà òun jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò wú. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ wò, omi tí ìyá rẹ̀ gbé kaná fún ẹ̀bà ló bu sí i. Yíìsì ní ẹ̀mí. Ó ń jẹ ṣúgà tó wà nínú fúláwà, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ yìí ló ń wú fúláwà. Bí omi bá ti ń lọ sí 60°C, yíìsì ti kú nìyẹn. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí wọ́n lè fi wẹ ọmọ tuntun, ló fẹ́. Kí ọ̀dọ́kùnrin náà bá ẹbí yíìsì kẹ́dùn, kí ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí kò rí omi tẹ ẹ̀bà.

Ìwọ̀n tí kò ní dójú ti ẹnikẹ́ni ni fúláwà búrẹ́dì 500 gíráàmù, omi 325 gíráàmù, iyọ̀ 10 gíráàmù, yíìsì gbígbẹ 7 gíráàmù, àti òróró ṣíbí ìjẹun méjì. Yóò tó písà kékeré mẹ́rin. Kí wọ́n pò ó, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n nà án, kí wọ́n tún ká a padà, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí yóò fi máa fà láìjá. Èròjà amáralókun inú àlìkámà ló ń so kọ́ra nígbà náà, òun ni yóò di afẹ́fẹ́ yíìsì mú. Ẹni tí apá bá ti ń ro kí ó rántí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó láti ọdún tó kọjá. Agbára á dé. Ní ọ̀sán ilẹ̀ Yorùbá, tí ooru ń tó 30°C, wákàtí kan ti tó kí fúláwà fi wú ní ìlọ́po méjì. Bí ó bá sun inú fíríìjì di ọjọ́ kejì, adùn rẹ̀ á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé fíríìjì kí ó kọ́kọ́ bá àwọn oníná ṣe ìpàdé.

Ìyàwó ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kọ̀wé pé písà òun kì í rí rìbìtì, àti pé ìyá ọkọ òun wò ó títí, wọ́n ní ó jọ máàpù Nàìjíríà. Kò sí òfin tó ní kí písà orí èédú rí rìbìtì. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí ó fẹ́lẹ́ déédéé, nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, nítorí ibi tó bá ki kò ní jinná nínú, ibi tó bá fẹ́lẹ́ jù á sì ti dúdú. Ìgò tí wọ́n fọ̀ dáadáa tó láti fi yí i. Sẹmó díẹ̀ tí wọ́n bù wọ́n orí tíréè kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sídìí iná. Ní ti ìyá ọkọ, kí ìyàwó gbà pé máàpù ni lóòótọ́, kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì gé ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí wọn fún wọn. Bí ibẹ̀ bá lọ jẹ́ ibi tó jóná, ẹjọ́ gómìnà ni.

Iná ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti máa ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyàwó wọn, tí wọn yóò sọ pé iná dídá kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, àwọn tí ìyá wọn fi iná igi tọ́ dàgbà. Baálé ilé kan ní Ìbàdàn wà lára wọn. Kẹrosíìnì ló rọ sórí èédú kó lè yá, nígbà tí písà jáde, àwọn ọmọ kọ̀ ọ́, wọ́n ní òórùn àtùpà ni àwọn ń gbọ́. Kí ó má sọ ọ́ nù. Kí ó gbé e sí ojú fèrèsé, ẹ̀fọn kankan kò ní wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, kí ó wá àgólò mílíìkì ńlá, kí ó lu ìdí rẹ̀ ní ihò, kí ó gbé e lé òkúta mẹ́ta, kí ó kó èédú kún inú rẹ̀, kí ó ki bébà sábẹ́ rẹ̀, kí ó sì ṣáná sí bébà náà. Iná á máa gun èédú láti ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí epo kankan. Láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú, eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á bo èédú, pupa iná á máa yọ lábẹ́ eérú. Ìgbà yẹn ló tó da á sínú gíríìlì.

Èédú jẹ́ igi tí wọ́n ti sun níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, tí omi inú rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ èéfín rẹ̀ ti bá ibẹ̀ lọ, ìdí nìyí tó fi ń gbóná gan-an láìjó fòfò. Èyí tí wọ́n fi igi líle bí àyìn sun ń pẹ́ lórí iná ju ti igi rírọ̀. Kí wọ́n má tẹ́ ẹ káàkiri. Apá kan gíríìlì ni kí wọ́n wọ́ gbogbo rẹ̀ sí, kí apá kejì ṣófo pátápátá: apá gbígbóná wà fún fúláwà, apá òfìfo wà fún ìgbà tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, ó sì máa ń fẹ́ bàjẹ́. Láti mọ̀ bóyá iná ti tó, kí wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sókè àwọ̀n irin, níwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí i. Ọwọ́ tí kò bá lè dúró ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, iná ti tó. Èyí tó bá dúró ju márùn-ún lọ, kò tíì tó. Ọwọ́ ẹni tó ti ń béèrè láti àárọ̀ pé “ṣé kò tíì jinná ni?” ló dára jù fún ìdánwò yìí.

Abẹ̀bẹ̀ wà fún ìgbà tí wọ́n ń dá iná, kò wà fún ìgbà tí ṣíìsì bá ti wà lórí písà. Ẹni tó bá fẹ́ iná nígbà yẹn ń fẹ́ eérú sórí oúnjẹ, kò sì sí àlejò tó máa gbà pé ata gígún ni.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pé fúláwà á já gba inú àwọ̀n bọ́ sínú iná. Kì í já, bí irin bá ti gbóná. Kí wọ́n fi àlùbọ́sà tí wọ́n là sí méjì ra irin náà, kí wọ́n fi òróró pa ojú fúláwà, kí wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ sí i, ojú tó lóróró nísàlẹ̀. Bó ṣe kan irin báyìí ni abẹ́ rẹ̀ ń le. Kí èèyàn tó ka ogún, omi inú rẹ̀ á ti máa di oru, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò, kékeré níhìn-ín, ńlá lọ́hùn-ún, etí rẹ̀ á gbẹ, òórùn búrẹ́dì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán. Bí wọ́n bá fi ẹ̀mú gbé etí rẹ̀ díẹ̀ sókè, ìlà irin á ti yọ lábẹ́ rẹ̀ ní rúsúrúsú. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ irin, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kò tíì jinná ni, bó bá jinná, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, iṣẹ́ ti parí níhà yẹn.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n kan ní Òṣogbo fi lọ gbé fóònù. Nígbà tó padà, ohun tó bá lórí irin kò ní orúkọ mọ́. Ìmọ̀ràn: ẹni tó bá pe èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí fúláwà wà lórí iná, owó ló fẹ́ yá. Kí wọ́n má gbé e. Ní ti èyí tó jóná, bí kò bá ju ibi kéékèèké lọ, kì í ṣe àbùkù. Dúdú tóótòòtó lábẹ́ písà wà lára ohun tí àwọn ará Naples fi ń yangàn. Kí ẹ̀gbọ́n sọ fún ilé pé ti Naples lòun ṣe. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá dúdú látòkè délẹ̀, kí ó má ṣe dárúkọ Naples rárá.

Bí wọ́n bá ti yí i padà, èròjà ló kàn, orí písà sì ni ọ̀kánjúwà ti máa ń fojú hàn. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan ní Èkó ròyìn pé òun to sọ́séèjì, sàdíìnì, ẹyin, iwe, ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ sórí písà kan ṣoṣo, nígbà tí òun sì fẹ́ gbé e kúrò, ó ya sí méjì, ó bọ́ sínú iná. Orúkọ nǹkan tó bọ́ sínú iná yẹn kì í ṣe písà, ọbẹ̀ ni. Fúláwà tó fẹ́lẹ́ kò lè ru ẹrù, omi tó bá sì ń sun lára èròjà á rọ̀ ọ́ kí ooru tó ráyè gbẹ ẹ́. Ọbẹ̀ ṣíbí ìjẹun méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Kí ṣíìsì wà káàkiri kí ọbẹ̀ sì ṣì máa yọjú láàárín rẹ̀. Èròjà méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta. Gbogbo ohun tó bá sì máa lọ sórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jinná tẹ́lẹ̀, àgàgà adìẹ àti ẹran, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó kù kò lè se ẹran tútù. Ẹni tó bá kó adìẹ tútù sórí písà, ilé ìwòsàn ló ń yan fún. Pọ̀nmọ́ ní tirẹ̀, kí òṣìṣẹ́ báǹkì náà bu ú sínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó máa jẹ ẹ́ nígbà tó bá ń dúró de písà. Bó bá sì kọ̀, tó ní dandan ni kí nǹkan méje wà lórí tòun, kí wọ́n fún un ní ẹ̀mú, kí òun fúnra rẹ̀ máa gbé e.

Ní ti ọbẹ̀, ilé Yorùbá kò nílò àgólò ilẹ̀ òkèèrè kankan. Ata díndín tó wà nílẹ̀ ló dára jù: tòmátì, tàtàṣé àti ata rodo tí wọ́n ti sè gbẹ, tí wọ́n sì ti dín títí òróró fi léfòó. Omi ti kúrò lára irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní sọ fúláwà di ẹ̀kọ. Kí wọ́n sáà rọ òróró orí rẹ̀ kúrò, nítorí bí òróró bá kán sórí èédú, iná á sọ sókè, á lá ìsàlẹ̀ písà àti irun apá ẹni tó dúró tì í.

Ìyá kan ní Ìsẹ́yìn, tó kọ̀ láti ra ṣíìsì olówó gọbọi, fi wàrà rọ́pò rẹ̀. Ó dé gíríìlì, ó ṣí i, ó tún un dé, wàrà kò yọ́. Kò ní yọ́ láéláé. Ewé bọmubọmu ni àwọn Fúlàní fi ń mú mílíìkì dì, lórí iná ni wọ́n sì ti ń sè é títí yóò fi le, ìdí nìyí tí wọ́n fi lè dín in nínú òróró gbígbóná tí yóò sì jáde pẹ̀lú igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mọ̀sárẹ́là yàtọ̀: àwọn tó ń ṣe é máa ń jẹ́ kó kan díẹ̀, wọn á wá fi omi gbígbóná fà á gùn, òun ló fi ń yọ́ tó sì ń yọ okùn. Ìyá náà lè máa dúró títí wàrà yóò fi yọ́, tó bá ní ẹ̀kọ́ òfin kan tó fẹ́ kà láàárín ìgbà yẹn. Bí kò bá ní, kí ó gé wàrà náà wẹ́wẹ́, kí ó dín in, kí ó fọ́n ọn sórí ṣíìsì díẹ̀ tó ń yọ́ lóòótọ́. Ó dùn ju sọ́séèjì lọ, owó rẹ̀ kò sì gani lára.

Ìdérí ni ìpọ́njú àwọn tó ń lo àdògán eléèédú, tí kò ní ìdérí rárá. Bàsíà irin tí wọ́n dojú rẹ̀ dé písà ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa: ooru á há sínú rẹ̀, á sì kan ṣíìsì láti òkè. Irin ni, ó pọn dandan. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan dé tirẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ike, ó wá ń béèrè ohun tí òun máa fi yọ ike kúrò lára ṣíìsì. Kò sí. Kí ó sọ méjèèjì nù, kí ó sì lọ bẹ ẹni tó ni abọ́. Ẹlòmíì ní Abẹ́òkúta ń gbèrò láti yọ tài balùwẹ̀ tẹ́ sórí àwọ̀n, torí ó gbọ́ pé òkúta gbígbóná ń mú písà dára. Tài tó ń dán lè fọ́ yángá nínú iná, àfọ́kù rẹ̀ á sì máa fò. Onílé rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti bínú.

Ọmọ Yorùbá kan ní London fẹ́ yan písà lórí bákóní ilé alájà, aládùúgbò rẹ̀ sì pe àwọn panápaná. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ilé níbẹ̀ ló ka gíríìlì orí bákóní léèwọ̀, nítorí náà aládùúgbò ló jàre. Kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ tó ní ọgbà, kí ó sì rí i pé ègé àkọ́kọ́ lọ sí ẹnu aládùúgbò ọ̀rẹ́ náà kí ó tó rántí nọ́ńbà panápaná.

Ìbéèrè kan wà tí kò ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Bí òjò bá dé, ṣé wọ́n lè gbé gíríìlì wọlé, tàbí sínú gáréèjì tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀? Rárá o. Èédú tó ń jó ń tú kabọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì jáde, afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Èédú tó ti fẹ́ kú ń tú u jáde pẹ̀lú. Ẹni tí òjò bá ká mọ́ ìdí gíríìlì kí ó jẹ́ kí òjò pa písà. Fúláwà kò wọ́n tó ẹ̀mí.

Ẹjọ́ tó kẹ́yìn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ kan fẹ́ kí wọ́n dájọ́ láàárín òun àti ìyàwó òun: ìyàwó yan písà mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọkọ jẹ méjì nínú rẹ̀, ó nu ẹnu, ó wá béèrè pé oúnjẹ alẹ́ dà. Ìyàwó ní ohun tó jẹ tán yẹn ni. Ìdájọ́ ni pé ìpápánu ni písà, ọkọ jàre. Ẹyin iná tó ṣẹ́kù nínú gíríìlì sì gbóná tó láti se omi àmàlà, nítorí náà kí ó dìde, kí ó gbé ìkòkò kaná, kí ó rò ó fúnra rẹ̀.